Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ lórí Àyà Títa àti Kámẹ́rà tí Dókítà Fi Ń Wo Ọ̀nà Ọ̀fun

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera ẹgbẹ́ wa sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá)

  

Nígbà tí alága ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìlera wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, a jókòó, a rò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti sọ ọ́ rí. Ìtọ̀ ṣúgà, a ti sọ ọ́ rí. Ọ̀rọ̀ ojú, a ti pe oníṣègùn ojú wá bá wa sọ ọ́. Èyí tí a kò tíì fẹnu kàn ni èyí tí púpọ̀ nínú wa gbé wá síbí lónìí, ìyẹn àyà títa. Kí olúkúlùkù wo inú pọ́ọ̀sì rẹ̀ àti àpò agbádá rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹyọ oògùn tí a ń jẹ lẹ́nu bíi súìtì nígbà tí àyà bá ń ta ni, kó na ọwọ́ sókè. Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn wá. Ní ọdún kẹfà ẹgbẹ́ yìí, a sin ọ̀kan nínú wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ sì ti fún wa láyè láti sọ ọ́, kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àyà fi ń ta á. A ní úlsà ni. Ẹni kan ní kó máa mu mílíìkì, ẹni kan gbé àgbo fún un, ẹni kan júwe oògùn tí òun náà ń lò. Nígbà tó yá, a rí i pé ó ń gé òkèlè kéékèèké, ó ń fi omi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀bà sílẹ̀, ó fi iyán sílẹ̀, ẹ̀kọ mímu nìkan ló kù. Ó rù. Nígbà tí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sóde ní ọdún náà, ńṣe la ń kí i pé, “Ara rẹ fúyẹ́ o, o ti padà di ọ̀dọ́!” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó fi dé iwájú kámẹ́rà ní ilé ìwòsàn, kókó jẹjẹrẹ ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti ràn dé ibi tí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ kò lè tẹ̀ lé e mọ́.

A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Àwa mẹ́ta tí a wà nínú ìgbìmọ̀ yìí wà lára àwọn tó ń kí i pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, apoògùn wà láàárín wa, síbẹ̀ a kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ kàwé, tí a fi lọ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, tí a sì fi dúró níwájú yín lónìí.

Kí ni àìsàn yìí gan-an? Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà lọ sí àpòlùkù gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti wọ àpòlùkù, iṣan kan wà tó ń ṣe bí ẹnu àpò tí a fi okùn fà. Ó máa ń là kí oúnjẹ wọlé, á sì padà pa dé. Inú àpòlùkù ni omi kíkan wà, èyí tí a ń pè ní ásíìdì. Àpòlùkù ní ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ásíìdì yìí, ọ̀nà ọ̀fun kò ní in. Bí okùn ẹnu àpò náà bá wá dẹ̀, ásíìdì á máa rú sókè, á máa ta ni láyà, á sì máa kan ni lọ́fun, pàápàá bí a bá tẹ̀ríba tàbí tí a bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn mìíràn á máa wúkọ́ lóru, ohùn àwọn mìíràn á há láràárọ̀.

Èyí yàtọ̀ sí úlsà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà la fi ń pe méjèèjì. Egbò inú àpòlùkù tàbí ti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ni úlsà. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló sábà máa ń fà á, tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac. Barry Marshall àti Robin Warren, ará Australia, ló fi hàn pé kòkòrò yìí ń fa úlsà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2005. Oògùn tó ń pa kòkòrò kò ní mú okùn ẹnu àpò tó dẹ̀ le padà. Ẹni tó bá ń wo úlsà nígbà tó jẹ́ pé ásíìdì tó ń rú sókè ló ń dà á láàmú, ọ̀nà mìíràn ló ń tọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí a tó lọ jìnnà, ọ̀kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Gbogbo àyà dídùn kọ́ ló wá láti inú àpòlùkù. Bí àyà bá ń fún ni bí ẹni gbé òkúta lé e, tí ìrora náà sì ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò ni, tí èémí ń há, ọkàn la gbọ́dọ̀ fura sí. Ẹ má wá oògùn inú kiri. Ilé ìwòsàn lẹ̀ẹ́kan náà.

Báwo wá ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé ásíìdì ló ń rú sókè? Ẹnu aláìsàn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà kò bá tíì dàgbà púpọ̀, tí kò sì sí àmì ewu, dókítà lè fún un ní oògùn tó ń dín ásíìdì kù, bí omeprazole, kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó máa lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó jẹun. Bí ara bá yá, ó dára. Ṣùgbọ́n pé oògùn ṣiṣẹ́ kò fi hàn dájúdájú pé àìsàn báyìí ni. Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibi tí a ti nílò àfojúbà ni kámẹ́rà ti wọlé.

Àwọn wo ló yẹ kó lọ wò ó láìfi falẹ̀? Ẹni tí oúnjẹ ń há sí lọ́fun tàbí tí gbígbé mì ń dùn. Ẹni tó ń rù láìgbààwẹ̀. Ẹni tó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré láìmọ ohun tó fà á. Ẹni tó lo oògùn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí kò rí ìyàtọ̀, tàbí tí àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́yìn tó dá oògùn dúró. Ẹni tí àyà sì ti ń ta láti ọdún márùn-ún sókè, pàápàá ọkùnrin tó ti lé ní 50, tó sanra, tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí, tàbí tí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti ṣe ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn gbọ́. Púpọ̀ nínú àwa ọkùnrin tó wà lábẹ́ ìbòòji yìí ló bá mu.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni ẹ́ńdósíkópì. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1868, dókítà kan tó ń jẹ́ Adolf Kussmaul, ní ìlú Freiburg ní Jámánì, ti ọ̀pá líle kan bọ ọ̀fun ọkùnrin kan tó ń fi idà gbígbé mì ṣeré fún àwọn èèyàn, kó lè rí inú àpòlùkù rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń gbé idà mì nìkan ló lè gba irú rẹ̀ nígbà náà! Ní ọdún 1957 ni Basil Hirschowitz, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, lo èyí tó ń tẹ̀, tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín ṣe. Kó tó fi wo aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e mì. Ọdún yẹn kan náà, 1957, ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ yìí àti UCH wa, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Tòde òní kò nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Kámẹ́rà kékeré àti iná wà ní orí rẹ̀, àwòrán sì ń jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ti ṣe é, ohun tó sì rí la fẹ́ sọ fún yín, nítorí a mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ó jẹ oúnjẹ díẹ̀ lálẹ́, láti ọ̀gànjọ́ òru kò fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí wọ́n bá fún ní abẹ́rẹ́ oorun kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n fín oògùn sí i lọ́fun, ó korò, ọ̀fun náà sì kú bí ìgbà tí a fẹ́ yọ eyín. Wọ́n ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n fi ike kan sí àárín eyín rẹ̀ kó má baà gé ọ̀pá náà jẹ. Ó rò pé òun ò ní lè mí. Ó mí. Ọ̀nà èémí yàtọ̀ sí ọ̀nà oúnjẹ. Ó fẹ́ bì lẹ́ẹ̀mejì, ó gùnfẹ̀ bí ọmọdé tó mu ọmú yó, kí ó sì tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti parí. Ọ̀fun rẹ̀ ṣe hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ kejì, ó tán.

Kí ni dókítà ń wá níbẹ̀? Ó ń wo ibi tí ásíìdì ti bó ara ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn oníṣègùn kárí ayé ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n sọ ní orúkọ ìlú Los Angeles, ó sì ní ipele mẹ́rin. Ipele A ni ibi tó bó tí kò gùn ju mìlímítà 5 lọ. Ipele B ni èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì fò láti orí ìwéjọ ara kan bọ́ sí òmíràn. Ipele C ni èyí tó ti so pọ̀ láàárín ìwéjọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kò tíì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká ọ̀nà ọ̀fun. Ipele D ló tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. A nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí a lè rí i lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí. Láti B lọ sókè, ẹ̀rí ti dé. B ni wọ́n kọ fún ẹni wa, ó lo oògùn rẹ̀, ó tún ìgbà oúnjẹ rẹ̀ ṣe, ara rẹ̀ ti mókun.

Ohun kejì tó ń wò ni bóyá awọ inú ọ̀nà ọ̀fun ti pa dà. Bí ásíìdì bá ń jó ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ rẹ̀ lè yí padà kó dà bíi ti ìfun, kó pọ́n bí ẹran tútù. Wọ́n ń pè é ní Barrett, ní orúkọ Norman Barrett, oníṣẹ́ abẹ ní London tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1950. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ tó sì ní in kì í ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni irú jẹjẹrẹ kan ti lè hù, nítorí náà ó yẹ kí a máa ṣọ́ ọ.

Ibí yìí ni iná tuntun ti wúlò. Iná funfun tí a mọ̀, gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní narrow band imaging, dókítà á tẹ bọ́tìnnì kan, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù àti ti ewé nìkan ló máa kù, 415 àti 540 nínú òṣùwọ̀n nanometre. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa àwọ̀ méjèèjì yìí mu. Nítorí náà àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lókè awọ á hàn ní àwọ̀ búráùn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á hàn bí àdàlù búlúù àti ewé, ààlà láàárín awọ rere àti awọ tó yí padà á sì yọ kedere. Ẹ ti rí òṣìṣẹ́ báńkì tó ń fi iná àrà ọ̀tọ̀ wo owó rí. Lójú lásán, owó náà dà bí owó. Lábẹ́ iná yẹn, ohun tó pamọ́ á jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń fi laser àti oògùn aláwọ̀ tí wọ́n fún ni lábẹ́rẹ́ sọ àwòrán di ńlá tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ́pọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́n ju ẹni tó mú un dání lọ. Iná tóóró yìí ń fi ibi tó yẹ kí a fura sí han dókítà ni. Lẹ́yìn náà á bu ẹran bíńtín níbẹ̀, kò ní dunni, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi máíkírósíkópù wò ó. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín kò bá ní iná tóóró, ẹ má tìtorí ẹ̀ padà sílé. Iná funfun lọ́wọ́ dókítà tó ní sùúrù sàn ju ìdúró lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ òótọ́ kan. Kámẹ́rà lè má rí nǹkan kan, kí àìsàn náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó ju ìdajì àwọn tí àyà ń ta ni ọ̀nà ọ̀fun wọn máa ń mọ́ lójú kámẹ́rà. Fún irú wọn, àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń wọn ásíìdì fúnra rẹ̀. Wọ́n lè fi okùn tín-ín-rín gba imú fún wákàtí 24, tàbí kí wọ́n so ẹ̀rọ bíńtín kan mọ́ ara ọ̀nà ọ̀fun tí yóò máa ròyìn fún wákàtí 96. Bí ásíìdì bá wà níbẹ̀ ju ìdá 6 nínú 100 àkókò náà lọ, àìsàn náà dájú. Bí kò bá tó ìdá 4, ká wá ohun mìíràn lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé “a ò rí nǹkan kan,” ẹ má gbà pé irọ́ lẹ ń pa. Ẹ béèrè pé, “Kí ló kù tí a lè ṣe?”

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn kí ẹ tó lọ. Omeprazole àti ẹbí rẹ̀ lè wo ibi tó bó sàn kí dókítà tó rí i, nítorí náà ẹ béèrè bóyá kí ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn àti ti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ gba ìwé àbájáde pẹ̀lú àwòrán. Ẹ béèrè ipele tí wọ́n rí, ẹ béèrè bóyá wọ́n bu ẹran, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ẹ tọ́jú ìwé náà bí ìwé ilẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ká jẹun ní wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, ká tó sùn. Ká gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tàbí igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, nítorí pé ìrọ̀rí púpọ̀ ń ká ikùn ni. Ká fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹni tó sanra, kó dín in kù. Sìgá, ká jáwọ́. Ọtí, ká dín in kù. Ohun tó ń yọ olúkúlùkù lẹ́nu yàtọ̀: fún ẹni kan, ata ni, fún ẹlòmíràn, dòdò olóròóró ni, fún ẹlòmíràn, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa tó fi omi tútù mu lọ́sàn-án ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ gàrí baba rẹ̀ o. Kí olúkúlùkù mọ ọ̀tá ara rẹ̀.

Ohun mẹ́ta la ń bẹ ẹgbẹ́ fún kí a tó jókòó. Ìkíní, ìkọ́kọrẹ́ tí a ń jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, ẹ jẹ́ ká máa jẹ ẹ́ ní aago mẹ́fà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, nínú owó tí a ń dá fún ìsìnkú, ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ẹni tó wà láàyè. Ọ̀kan nínú wa tó wà níbí lónìí lọ ṣe kámẹ́rà ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a sin ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n bá Barrett lára rẹ̀, wọ́n bu ẹran, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, wọ́n sì ní kó máa padà wá ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Owó tí ó ná lọ́jọ́ náà kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ yìí. Ìkẹta kò ní owó nínú: bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan nínú wa ń rù, ẹ má kí i pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ bi í pé, “Ṣé oúnjẹ ń lọ?”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rẹ́ wa dákẹ́, àwa náà bá a dákẹ́. Kó má ṣẹlẹ̀ sí wa mọ́. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún ẹni tó lọ, á dá àwa tó kù sí. Nígbà tí a bá ń ṣe ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa la ó pé, òkèlè á máa lọ geere lọ́fun wa. Àṣẹ.